Kíjìpá Orí Kọ̀ǹpútà

Ìyá mi pe kọ̀ǹpútà mi ní orogún rẹ̀. Kò rí i lójúkojú rí. Ohùn rẹ̀ ló mọ̀ jù, láti inú fóònù, ní Òmù-Àrán, nígbà tí èmi bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Sabon Gari, ní Zaria, tí mò ń pariwo pé, "Màmá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Orogún mi ni mò ń gbọ́," ni yóò wí. "Ìwọ ni mi ò gbọ́."

A máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà ní Zaria. Ọkọ mi ló mú mi wá nígbà tó rí iṣẹ́ síbẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í ṣe èdè, ọyẹ́ ni. Nílé wa, ọyẹ́ á fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ó fi òrí pa ètè, yóò sì lọ. Níbí, eruku ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn tí a ti tì wọlé. Ó ń bà lé omi mímu. Ó ń wọ inú àpótí aṣọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọyẹ́ dé, mo gbá yàrá wa láàárọ̀, mo nù ún, mo jáde lọ pọn omi. Nígbà tí mo padà wọlé, mo rí ipasẹ̀ ara mi nílẹ̀ bí ẹni tó rìn lórí èlùbọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún. Ọkọ mi rò pé ẹnì kan ló bú mi.

Ìkíni ló tẹ̀ lé e. Àwa náà ń kí ènìyàn nílé, ṣùgbọ́n àwọn ará ibí á béèrè àárẹ̀, wọ́n á béèrè iṣẹ́, wọ́n á béèrè òtútù, wọ́n á béèrè àwọn ará ilé, kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n bá wá. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí náà "lafiya", pé àlàáfíà ni, ni mo fi ń dá gbogbo rẹ̀ lóhùn. Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin tó ń ta omi fún wa sọ̀rọ̀ gígùn kan fún mi lẹ́nu ọ̀nà, mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Lafiya." Ọkọ mi ló sọ fún mi lálẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ló kú. Mo ti gbọ́ Hausa dáadáa báyìí. Síbẹ̀, bí mo bá fẹ́ sọ "lafiya" fún ẹnikẹ́ni, mo kọ́kọ́ máa ń wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ará ilé ní kí n máa bọ̀. Mi ò lọ. Ọmọ mi obìnrin ṣì ń lọ sí ilé ìwé, Hausa ló fi ń lálàá. Mo ti kọ́ táìpù nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọwọ́ mi sì yá, kì í ṣàṣìṣe. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà.

Ní ọdún kejì, bàbá àgbàlagbà kan gbé lẹ́tà tó fọwọ́ kọ ní Hausa wá. Ojú ìwé mẹ́ta ni. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó fi awò sójú, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí, ó wò mí.

"Ṣé Bayarabiya ni ọ́ lóòótọ́?" ló béèrè.

Bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin Yorùbá níbí nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kò sí àṣìṣe kankan," ló wí, ó sì pe ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì kó wá wò ó.

Inú mi dùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó yá ni mo rò ó pé, bí mo bá tẹ lẹ́tà Yorùbá láìsí àṣìṣe ní Òmù-Àrán, kò sẹ́ni tí yóò pe ará ilé kejì wá wò mí. Bí mo bá sì dé Òmù-Àrán, ará Òkè-Ọya ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n á bi mí bóyá mo ṣì lè jẹ iyán. Èébú kọ́ ni, níbí tàbí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí mo ti lè wọlé kí ẹnikẹ́ni má sọ ibi tí mo ti wá.

Eruku ọyẹ́ yẹn ni mo ń sọ fún ìyá mi ní ọjọ́ kan lórí fóònù. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí kó má ba kọ̀ǹpútà jẹ́, pé òun ni mo fi ń jẹun.

"Kí lo fi ń bò ó?" ló béèrè.

"Ọ̀rá ni, Màmá."

"Ọ̀rá? Ohun tó ń bọ́ ọ, ọ̀rá lo fi ń bò ó?"

Ahunṣọ ni ìyá mi. Láti kékeré wa, òfì rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀, a ó sì jí gbọ́ ọ níbi tó ti ń fi igi gbá òwú mọ́lẹ̀. Nílé wa, ohun tó bá níyì kì í wà níhòòhò. Rédíò bàbá mi ní aṣọ. Àga àlejò ní aṣọ. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹnì kan tó ń bọ̀ láti ilé gbé ìdì kan fún mi. Kíjìpá ni, aláró dúdú tó ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, ó nípọn, ó hun ún pọ̀ débi pé bí a bá gbé e sókè sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ kò lè gba inú rẹ̀ kọjá.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Mo ti wọn àpótí irin kọ̀ǹpútà náà: òkè rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní kó rán an kó bá a mu rẹ́gí, kó má sí àyè tí eruku yóò gbà, àfi ibi bọ́tìnnì níwájú àti ihò kékeré kan lẹ́yìn tí wáyà yóò gbà jáde. Mo ní kí káfíńtà kan ilé onígi kan fún un lábẹ́ tábìlì, mo sì tì í sínú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri. Ó rẹwà. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ráfátù, ìyàwó àbúrò mi ọkùnrin, pé kó fi han Màmá. Ráfátù ní Màmá gbé fóònù náà káàkiri gbogbo agboolé.

Aṣọ yẹn ló hun kẹ́yìn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ òsì rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan. Mo lọ wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, mo sì padà, nítorí ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà, nítorí àwọn ajínigbé, ọ̀nà di ohun tí èèyàn ń gbààwẹ̀ kó tó gbà. Fóònù nìkan ló kù.

Ní àkókò yìí, kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Mi ò mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń kùn bí oyin tó wà lókèèrè. Nígbà tó yá, ó dà bí ẹni pé ènìyàn kan ń lọ ata gbígbẹ nínú rẹ̀ láti àárọ̀ títí mo fi ń ti ilẹ̀kùn. Ilé onígi náà gbóná débi pé mo máa ń gbẹ́sẹ̀ kúrò lábẹ́ tábìlì. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ náà á kú fúnra rẹ̀ láàárín iṣẹ́, yóò sì kọ̀ láti tàn fún wákàtí kan. Mo ra fáànù onídùúró, mo kọjú rẹ̀ sí i. Mo da omi sílẹ̀ yí i ká. Mo tún aṣọ náà fà kó dì dáadáa, nítorí mo gbà pé eruku ló ń ṣe é.

Ráfátù ló ni fóònù tí Màmá fi ń gba ìpè mi. Ọjà ló máa ń wà láti àárọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì ní ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé. Lẹ́yìn Alásárì náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kún ṣọ́ọ̀bù mi. Bí mo bá sì délé ní Dogarawa, nẹ́tíwọ̀kì kì í dúró, ìyá mi á sì ti sùn. Nítorí náà, nínú ariwo yẹn ni a ti ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ń tín-ín-rín sí i lójoojúmọ́.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ó ní, "Mo fẹ́ bi ọ́..."

"Kí lẹ wí, Màmá?"

Ó tún un sọ. Ẹ̀rọ hó bò ó.

"Àǹtí Zaria, ẹ jáde síta," ni Ráfátù wí. Ohun tó máa ń pè mí nìyẹn.

Mo jáde. Níta, ẹ̀rọ ìlọta ṣọ́ọ̀bù kejì ń ṣiṣẹ́, kẹ̀kẹ́ márùn-ún ń fun fèrè lójú ọ̀nà. Mo padà wọlé. Mo di etí kejì. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kedere, bí ẹni pé ó ti kó gbogbo okun rẹ̀ jọ fún un:

"Pa orogún mi."

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta dúró níwájú mi. Ìwé ọ̀kan nínú wọn ṣì kù díẹ̀ kí n tẹ̀ ẹ́ tán. Mo ronú pé bí mo bá pa á, kò ní tàn mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mo ní, "Màmá, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún, n ó pè yín padà."

Nígbà tí mo pè, Ráfátù ní Màmá ti sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sọ́dọ̀ Alfa Mudi, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí mọ́ṣáláṣí. Ará Ìlọrin ni àwọn òbí rẹ̀, Zaria ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa, á sì parí sí Hausa. Mo ní mi ò bìkítà bí ẹ̀rọ náà bá lọ́ra, mo kàn fẹ́ kó dákẹ́ kí n lè gbọ́ ìyá mi. Ó ní ọwọ́ òun kún, òun á wá ní Ọjọ́bọ̀. Mi ò pe ilé ní ọjọ́ yẹn, mi ò sì pè ní Ọjọ́rú. Mo ní kí n dúró dé ìgbà tí n ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́tí sílẹ̀, ó sì wo òkè.

"Hajiya, ṣé ọkọ̀ òfuurufú lẹ fẹ́ gbé jáde níbí ni?"

"Mi ò tíì lọ sí Mẹ́kà, Alfa. Ẹ má pè mí ní Hajiya."

"To, ẹ̀rọ yìí á gbé yín dé bẹ̀. Wallahi, ó ti fẹ́ fò."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà á jáde láti abẹ́ tábìlì.

"Ta ló wọ aṣọ fún un?"

"Èmi ni."

"Òtútù ń mú un?"

Ó bọ́ aṣọ náà, ó sì fi ìka rẹ̀ tẹ ẹ̀yìn irin náà, níbi tí ihò kéékèèké pọ̀ sí bí ojú asẹ́.

"Haba, Hajiya. Ibi tó ti ń mí nìyí. Ẹ dì í ní imú, ẹ tún tì í mọ́nú àpótí, ẹ wá ní ó ń pariwo. Ká ní èèyàn ni, wọn ì bá ti wá mú yín."

"Eruku ni mò ń dí."

"Eruku ń wọlé, ẹ wò ó." Ó tú ìdè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Eruku inú rẹ̀ dà bí òwú tí a kò tíì ran. "Ooru ni kò rí ọ̀nà jáde. Bó ṣe ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ni fáànù rẹ̀ ń sáré. Bó ṣe ń sáré ló ń ké."

Ó gbé e síta, ó fi ẹ̀rọ kan fẹ́ eruku náà kúrò, ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ti abẹ́ fáànù kó má baà máa yí nígbà tó ń fẹ́ ẹ. Ó nu ìpara tó ti gbẹ bí ẹ̀kọ sísun kúrò láàárín ọpọlọ ẹ̀rọ náà àti irin tó ń tù ú lára, ó fi tuntun sí i, ìwọ̀n ẹ̀wà kan. Ó yọ fáànù kékeré ẹ̀yìn, ó fi ńlá sí i. Ó ní ńlá tó ń rọra yí ń gbé afẹ́fẹ́ ju kékeré tó ń sáré lọ, kì í sì í pariwo. Ó so àwọn wáyà mọ́ra. Ó gé sílípáàsì àtijọ́ sí mẹ́rin, ó fi wọ́n sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà máa gbọ̀n mọ́ igi. Ó wá gbé e sórí tábìlì, ní gbangba, ó fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Mo dúró.

"Kò tàn," ni mo wí.

"Ó ti tàn tipẹ́."

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà náà, ó ti tàn lóòótọ́. Mo gbọ́ ohùn kan tí mi ò mọ̀, mo sì wá a títí. Agogo ara ògiri mi ni. Ọdún mẹ́ta ló ti wà níbẹ̀, mi ò mọ̀ pé ó ń dún.

Alfa Mudi ká aṣọ náà fún mi. Ó ní, "Aṣọ dáadáa ni o. Ẹ wọ̀ ọ́ fúnra yín." Ó lọ kírun.

Lẹ́yìn Alásárì, mo pè. Mo ti sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n dúró níta. Ráfátù gbé e, ohùn rẹ̀ mọ́ bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí.

"Àǹtí, mo pè yín láàárọ̀, kò wọlé. Láti àná ni Màmá ò ti lè sọ̀rọ̀ mọ́."

Ó ní òun á gbé fóònù sí wọn létí. Mo gbọ́ èémí. Mo gbọ́ ọ gan-an, bó ṣe ń wọlé tó ń há, bó ṣe ń jáde. Mi ò gbọ́ èémí ìyá mi báyìí rí láti ìgbà tí mo ti fi ilé sílẹ̀. Mo ní, "Màmá, èmi ni. Màmá, mo ti pa ariwo náà. Ẹ sọ ọ́ báyìí, mo ń gbọ́."

Èémí ni.

"Wọ́n ń fọwọ́ pa aṣọ ìbora wọn," ni Ráfátù wí. "Ohun tí wọ́n fẹ́ bi yín láti ọjọ́ yìí ni. Àná kí wọ́n tó dákẹ́ ló tó yé mi. Wọ́n ní ṣé aṣọ yẹn ṣì wà lára ẹ̀rọ yín, ṣé kò tíì gbó. Wọ́n ní àwọn ò lè hun òmíràn mọ́."

Aṣọ náà wà lórí àga níwájú mi, kíká.

"Ó wà lára rẹ̀, Màmá," ni mo wí. "Kò gbó. Ó bò ó dáadáa. Kò sí eruku tó ń wọ ibẹ̀."

Mo fẹ́ kó gbà mí gbọ́, nítorí náà mo gbé fóònù sún mọ́ kọ̀ǹpútà kó lè gbọ́ orogún rẹ̀. Mo dì í mú síbẹ̀ títí apá fi ń ro mí. Nígbà tí mo gbé e padà sí etí, Ráfátù ló ń sọ̀rọ̀.

"Àǹtí? Àǹtí, ṣé ìpè ti já ni? Wọ́n kàn ń wo fóònù."

Ìyá mi kú ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ti sin ín kí wọ́n tó kírun Àílà ọ̀sán, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Ọmọ mi pè mí láti Kaduna, ó fi Hausa bá mi kẹ́dùn, nítorí èdè tí ẹkún rẹ̀ mọ̀ nìyẹn. Àwọn ará òpópónà wa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Allah ya jikanta," pé kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀, wọ́n jókòó díẹ̀, wọ́n lọ. Wọ́n ṣe dáadáa sí mi. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ bí ìyá mi ṣe rí.

Mo máa ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé ìgbà kan ń bọ̀ tí n ó padà sílé. Mi ò rò ó mọ́. Ohùn ẹnì kan ni mò ń pè ní ilé. Mo fi ariwo bò ó fún ọdún mẹ́ta, ọwọ́ mi ni mo sì fi wọn aṣọ tó fa ariwo náà, mi ò fi àyè ìka kan sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí wọ́n ń ṣe àdúà fún un ní Òmù-Àrán, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ láìdún. Kò gbóná. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń sọ pé ibẹ̀ tutù. Lẹ́yìn Alásárì, mo gbé fóònù, mo wò ó, mo gbé e sílẹ̀. Agogo ń dún.

Mo tú aṣọ náà. Nínú rẹ̀, níbi tó ti ń bo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ihò kéékèèké yẹn ti ya àmì eruku sí i, ní ìlà ní ìlà. Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ. Mo fi wọ kọ̀ǹpútà, mo fà á kó dì, mo gbé e padà sínú ilé onígi rẹ̀, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nígbà tó yá, ó ń hó.

Alfa Mudi ń kọjá lọ, ó yọjú wọlé. "Haba Hajiya, ẹ tún ti..." Ó rí ojú mi. Ó kí mi kú àṣẹ̀yìndè, ó lọ.

Mo jókòó tì í títí ó fi hó débi tó máa ń hó tẹ́lẹ̀. Ẹni méjì ń dúró de ìwé wọn. Mo ní kí wọ́n má bínú. Mo na ọwọ́, mo pa á, bí Màmá ṣe ní kí n ṣe ní ọjọ́ Ajé yẹn.

Agogo dún. Mo kà á dé ọgọ́ta. Mo tún tẹ bọ́tìnnì náà.

Ó tàn.